Bátìrì Tí Mo Yọ Kí N Tó Lọ Ṣe Iléyá

Ọmọ ọmọ mi, Ràfíátù, jókòó tì mí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rẹ́ òun ń sọ pé kí òun lọ kọ́ iṣẹ́ télọ̀, pé òun ló yẹ obìnrin. Ó ní kí n sọ èyí tó dára jù. N kò sọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni mo mọ̀, èyí tí mo fi nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ṣe. Mo ní màá kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kà á, kí kálukú lọ ro tirẹ̀.

Iṣẹ́ àtúnṣe rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ni mo ṣe. Abúlé kan lẹ́yìn Moniya ni wọ́n bí mi sí. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn láti sọ: rédíò bàbá mi bàjẹ́, wọ́n ní kí n gbé e lọ sí Moniya, mo jókòó wo ọkùnrin tó ń tún un ṣe láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo délé mo ní n kò fẹ́ bá màmá mi ta ata mọ́. Màmá mi sunkún díẹ̀. Bàbá mi ní kí wọ́n jẹ́ kí n lọ, pé tó bá sú mi màá padà wálé.

Ọ̀gá Jóṣúà ni orúkọ ọkùnrin náà. Aládùúrà ni, èèyàn gbígbẹ, tí kì í pariwo rárá. Mo ti rí àwọn ọ̀gá tó ń fi wáyà na ọmọ iṣẹ́, tèmi kò fọwọ́ kàn mí rí, síbẹ̀ ẹ̀rù rẹ̀ ń bà mí ju ẹ̀rù bàbá mi lọ. Oṣù mẹ́ta ni mo lò lọ́dọ̀ rẹ̀ kí n tó di irin iṣẹ́ kankan mú. Tí wọ́n bá gbé nǹkan wá, yóò tú u síwájú àwa ọmọ iṣẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, yóò ká ọwọ́ sẹ́yìn, yóò ní, “Ẹ wò ó. Sídíkátù, kí lo rí?” Màá sọ tèmi tán. Yóò yíjú sí ẹnì kejì. Ẹni tó bá dá sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kó tó kàn án, òun ni yóò gbálẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Mo gbálẹ̀ gan-an.

Òfin rẹ̀ kejì, bátìrì ni. Rédíò kan wà tí ó gbé kọ́ sí ẹnu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Àgbẹ̀ kan ló gbé e pamọ́ sí àká ní gbogbo ìgbà òjò pẹ̀lú bátìrì nínú. Bátìrì náà ti bẹ́, omi rẹ̀ ti jẹ gbogbo wáyà inú rẹ̀ di àwọ̀ ewé. Ọ̀gá mi máa ń fi ìka tọ́ka sí i láràárọ̀ bí ẹni ń kí i. “Ohun tí kò bá ní ṣiṣẹ́ lónìí, bátìrì kò gbọdọ̀ sùn nínú rẹ̀.” Mo gbàgbé lẹ́ẹ̀kan, ó fún mi ní búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, ó ní kí n fọ ìdọ̀tí inú rédíò ẹnu ọ̀nà yẹn títí yóò fi mọ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi fọ̀ ọ́, kò mọ́. Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ mi kì í gbé ohunkóhun pamọ́ láì kọ́kọ́ yọ bátìrì rẹ̀.

Mo gba òmìnira ní ìparí àwọn ọdún 1980, mo sì gba ṣọ́ọ̀bù sí Ajibode, nítorí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n ń gbé ibẹ̀. Rédíò àti tẹlifíṣọ̀n dúdú-àti-funfun ni mo bá níbẹ̀. Kò pẹ́ tí ti aláwọ̀ mèremère dé, fídíò tẹ̀lé e, àwọn ohun inú wọn sì ń kéré sí i títí mo fi ní láti ra awò. Nígbà tó yá, akẹ́kọ̀ọ́ kan tó parí ẹ̀kọ́ ta ẹ̀rọ géèmù rẹ̀ fún mi pẹ̀lú àpò káséètì kan, ìyẹn àwọn ike tí géèmù kọ̀ọ̀kan wà nínú wọn. Mo gbé e sí iwájú ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí ọdún kan yóò fi pé, àwọn tó ń wá gbá géèmù ti pọ̀ ju àwọn tó ń tún rédíò ṣe lọ, orúkọ mi sì ti di Àǹtí Géèmù.

Eré sísá, bọ́ọ̀lù àti ẹ̀ṣẹ́ jíjà ni àwọn ọmọ náà fẹ́. Ariwo wọn ń dé títì. Káséètì kan wà nínú àpò yẹn tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn. Tí o bá gbé e sí i, èèyàn kékeré mẹ́rin ni yóò máa rìn nínú igbó, tí iwin bá yọ sí wọn, gbogbo nǹkan á dúró, ìwé á yọ lójú tẹlifíṣọ̀n, á máa béèrè ohun tí o fẹ́ ṣe. Fẹ́mi, akẹ́kọ̀ọ́ kan tí ẹnu rẹ̀ mú, ní géèmù àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ni.

Ọjọ́ kan, obìnrin kan yà wọlé. Mo mọ̀ ọ́n, Ìyá Débọ̀ tó ń dín gàrí ni.

Ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, Bàbá Débọ̀ ló wà níta yẹn. Ó ti tó ọdún kan tó ti jáde kẹ́yìn. Ó ní òun ń gbọ́ ariwo ṣọ́ọ̀bù yín látinú ilé, òun fẹ́ wá wò ó. Tí ẹ bá rí i láàrin àwọn ọmọ kéékèèké yìí, ẹ má lé e o.”

Mo wòta. Ọkùnrin tó tó ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ló dúró níbẹ̀, ó ki ọwọ́ ọ̀tún bọ àpò. Sámúẹ́lì télọ̀ ni. Òun ni gbogbo ọ̀nà Ajibode ń gbé aṣọ fún tẹ́lẹ̀. Ó ń bá ìyàwó rẹ̀ ti gbágùúdá sínú ẹ̀rọ tó ń rin ín lọ́jọ́ kan, ẹ̀rọ náà gba ọwọ́ rẹ̀. Àtàǹpàkò àti ìdajì ìka kan ló kù níbẹ̀.

Ó jókòó, ó ń wo àwọn ọmọ bí wọ́n ṣe ń kan ara wọn lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lójú tẹlifíṣọ̀n. Nígbà tí àyè ṣí sílẹ̀, mo na páàdì sí i, ìyẹn ohun tí wọ́n ń tẹ̀. Ọwọ́ òsì ló fi gbà á. Ó ní, “Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú sí ọwọ́ òsì.” Mo ní kò sóhun tó burú. Ó gbìyànjú bọ́ọ̀lù, wọ́n fi góòlù mẹ́sàn-án nà án. Ó gbìyànjú ẹ̀ṣẹ́, kò tíì ju ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó fi wólẹ̀. Àwọn ọmọ kò rẹ́rìn-ín, ojú ń tì wọ́n fún un, ìyẹn sì tún burú jù. Ó ti ń dìde lọ nígbà tí mo rántí káséètì yẹn.

Mo ní, “Bọ̀dá Sámù, ẹ dúró. Èyí kì í kánjú.”

Mo gbé páàdì náà lé orí tábìlì fún un. Ọwọ́ òsì ló fi ń gbé ọfà ìtọ́ka lójú tẹlifíṣọ̀n, àtàǹpàkò ọ̀tún ló fi ń tẹ̀ ẹ́. Iwin àkọ́kọ́ yọ. Nǹkan dúró. Ìwé ń béèrè. Ó dúró, èmi náà dúró, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó wò mí.

“Ṣé ó ń dúró dè mí ni?”

“Ó ń dúró dè yín.”

“Tí mo bá jókòó báyìí di ọ̀la ńkọ́?”

“Á dúró.”

Ó rẹ́rìn-ín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rí eyín rẹ̀.

Jẹ́ kí n ṣàlàyé bí ìjà náà ṣe rí, Ràfíátù, nítorí pé tiyín òní, ẹ kì í dúró. Bí ìgbà tí èèyàn méjì ń ta ayò ni: bó ti wù kí ọwọ́ ẹnì kejì yá tó, tí o kò bá tíì ta, kò lè ta. Ìwọ ni o ni èèyàn mẹ́rin. Ọ̀kan jẹ́ jagunjagun tó wọ irin, ọ̀kan ń ṣe òògùn iná àti yìnyín, ọ̀kan ń wo àwọn yòókù sàn, ẹ̀kẹrin yára bí ológbò. Oníkálukú ní iye ẹ̀mí rẹ̀, ó sì ń hàn níwájú rẹ. Ohun mẹ́rin ni ìwé náà ń gbà ọ́ láàyè láti ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, mo wá gé páálí mílíìkì, mo kọ ọ́ sí i ní Yorùbá, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri: Lù ú. Ṣe òògùn. Fi asà bora. Sá.

Wàá sọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ohun tí yóò ṣe. Nígbà tí o bá pàṣẹ fún ẹ̀kẹrin tán ni ìjà á tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó yára jù ló ń kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀, títí kan iwin, tí gbogbo wọn bá sì ṣe tiwọn tán, ó tún kàn ọ́. Ibẹ̀ ni ọgbọ́n wà. Oníwòsàn kò yára. Tí o bá ní kó wo ẹni tó ń kú lọ sàn, iwin lè pa ẹni náà kí ó tó kan oníwòsàn, àṣẹ rẹ á sì ṣòfò. Ẹni tó bá fi asà bora, ìdajì ìyà ló ń jẹ, ṣùgbọ́n kò ní lu ẹnikẹ́ni ní ìgbà yẹn. Iwin inú yìnyín, iná ló ń pa á. Ẹni tí ejò bá bù jẹ, bí ó ṣe ń kàn án ni ẹ̀mí rẹ̀ ń dín. Agbára òògùn máa ń tán. Tí o bá ní kí wọ́n sá, wọ́n lè má ríbi sá sí, wàá ti fi ìgbà tìrẹ ṣòfò. Bí o bá ṣe ń ṣẹ́gun ni wọ́n ń dàgbà sí i, ìgbà mìíràn o ní láti lu iwin kéékèèké ní ẹ̀gbẹ́ abúlé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí o tó lè kojú èyí tó wà níwájú.

Ihò méje ni wọ́n ní láti wọ̀. Ọba àwọn iwin wà nínú èyí tó kẹ́yìn. Tí o bá sì fẹ́ sinmi, wàá dé ilé ìsùn, onílé yóò kọ ibi tí o dé sínú ìwé rẹ̀, tí o bá padà wá lọ́la, ibẹ̀ ni wàá ti bẹ̀rẹ̀.

Lẹ́tà mẹ́rin péré ni géèmù náà ń gbà fún orúkọ. Jagunjagun ni ó pè ní SAMU. Ológbò yẹn, DEBO, orúkọ ọmọ rẹ̀. Oníwòsàn, MAMA. Olóògùn, TELO. Mo bi í léèrè ta ni TELO.

Ó ní, “Ẹni tí mo jẹ́ tẹ́lẹ̀.”

Ọ̀sán Sátidé ni ọjọ́ tirẹ̀. Oṣù márùn-ún ló fi ń wá. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fá irùngbọ̀n. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn pẹ̀lú Fẹ́mi, tó ń pariwo lẹ́yìn rẹ̀ pé kó lù ú, kó lù ú, tí òun sì ń dáhùn pé, “Kò tíì kàn ọ́, ọ̀gbẹ́ni.” Ìyàwó rẹ̀ gbé gàrí wá fún mi, ó ní ọkọ òun ti ń jẹun lọ́sàn-án. Ihò karùn-ún ni ó dé nígbà tí Iléyá kù sí dẹ̀dẹ̀.

Mo fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù fún ọ̀sẹ̀ kan, kí n lọ sí abúlé wa. Mo nu gbogbo nǹkan. Mo yọ bátìrì rédíò, mo yọ ti rìmóòtù. Àwọn káséètì kan ti ń pẹ́ kí wọ́n tó ṣiṣẹ́, mo bá tú wọn kí n fi sípíríìtì nu eyín wọn, ìyẹn irin wẹ́wẹ́ tó ń kan ẹ̀rọ. Nígbà tí mo tú ti Bọ̀dá Sámù, mo rí bátìrì kan nínú rẹ̀, roboto, kò tóbi ju bọ́tìnnì lọ, wọ́n fi òjé jó o mọ́ ibẹ̀. N kò rí irú rẹ̀ rí nínú káséètì. Mo gbé irin gbígbóná, mo yọ ọ́, mo fi bébà wé e, mo kọ orúkọ sí i lára, mo tò ó sínú dúrọ́ọ̀. Inú mi tiẹ̀ dùn pé mo rí i. Mo rò pé mo gba káséètì náà lọ́wọ́ ìparun ni.

Mo dé láti abúlé pẹ̀lú ẹran Iléyá tí mo gbé fún un nínú ike. Mo jó bátìrì náà padà sáyè rẹ̀. Ó jókòó, ó tan ẹ̀rọ, ó wọ ilé ìsùn. Ìwé onílé náà ṣófo. Ó pa á, ó tún un tàn. Ó ṣófo.

Ó yíjú sí mi. “Àǹtí, ibo ni wọ́n wà?”

Ìgbà náà ló yé mi. Bátìrì kékeré yẹn ni ìwé onílé. Òun ló ń rántí, tọ̀sán tòru, yálà iná wà tàbí iná kò sí. Mo lè sọ pé iná tó ń lọ tó ń bọ̀ ló bà á jẹ́. Kò sí ẹni tí kò ní gbà mí gbọ́ ní Ajibode. Ẹnu mi tiẹ̀ ti fẹ́ sọ ọ́.

Mo ní, “Èmi ni mo yọ ọ́, Bọ̀dá Sámù. N kò mọ̀. Ẹ foríjì mí.”

Kò bínú. Ì bá sàn kó bínú. Ó dìde, ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó lọ. Ó gbàgbé ẹran náà sórí tábìlì.

Sátidé tó tẹ̀lé e, kò wá. Ìyá Débọ̀ ló wá, kò gbé gàrí. Ó ní ọkọ òun ti tún dùbúlẹ̀ kọjú sí ògiri, ó ní ó sọ pé òun kò mọ ìdí tí òun fi rò pé nǹkan òun tún lè dúró. Mo ti ba tẹlifíṣọ̀n èèyàn jẹ́ rí, mo sì tún wọn ṣe. Ti ọjọ́ náà, ojú tì mí débi pé n kò lè wo obìnrin náà.

Mo wọkọ̀ lọ sí Moniya lọ́dọ̀ ọ̀gá mi. Ó ti darúgbó, rédíò yẹn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀, mo rò fún un. Ó ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Kí lo rí nígbà tí o tú u?”

“Mo rí bátìrì, sà.”

“Kí ló ń ṣe níbẹ̀?”

“N kò béèrè, sà.”

Ó yíjú wo rédíò ẹnu ọ̀nà yẹn. Lẹ́yìn náà ló ní, “Rédíò ni mo ṣe òfin yẹn fún. Nígbà tèmi, kò sí ẹ̀rọ tó ń rántí nǹkan. Èmi náà ì bá yọ ọ́. Lọ bá ọkùnrin náà nílé rẹ̀.”

Mo lọ. Bọ̀dá Sámù jókòó sórí ibùsùn, ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà ní kọ̀rọ̀, wọ́n fi aṣọ bò ó. Mo sọ tẹnu mi, mo ní mo mọ ohun tí mo gbà lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì tọrọ àforíjì. Kò fèsì. Ó ń ṣe mí bíi kí n tún un sọ, kí n sọkún, kí n ṣèlérí nǹkan kan. Mo rántí pé mo ti sọ tèmi, òun ló kàn. Mo jókòó síbẹ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Mo kí wọn pé ó dàárọ̀, mo lọ sílé.

Sátidé kẹta, bí mo ṣe ń tún rédíò kan ṣe lọ́wọ́, ó wọlé. Ó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí.

Ó ní, “Ẹ gbé e sí i.”

Mo gbé e sí i. Géèmù náà béèrè orúkọ jagunjagun. Ó kọ TELO.

Fẹ́mi tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ní, “Ha, Bọ̀dá, ẹ ti tún di aláìmọ̀kan! Ẹ̀yin tí ẹ ti dé ihò karùn-ún.”

Kò wẹ̀yìn. “Inú káséètì ló ti parẹ́,” ló wí. “Kò parẹ́ nínú orí mi.”

Bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àwọn èèyàn rẹ̀ jẹ́ aláìlágbára bí ìgbà àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó mọ iwin tó ń bẹ̀rù iná, ó mọ ìgbà tó yẹ kó pàṣẹ fún MAMA ṣáájú kí ìyà tó dé, ó mọ èyí tó yẹ kó sá fún. Ohun tó fi oṣù márùn-ún ṣe, ọ̀sẹ̀ méje ló fi ṣe é, ó sì kọjá ibẹ̀. Ọjọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ọba àwọn iwin, ṣọ́ọ̀bù kún. Nígbà kan, ọba náà mí sínú, gbogbo àwọn ọmọ ń pariwo pé kó lù ú nísinsìnyí. Ó ní kí àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fi asà bora. Iná jáde lẹ́nu ọba náà, ó jó wọn títí ó fi kù díẹ̀ lára ẹ̀mí wọn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kú. Ó wá kàn án. TELO ló pa á.

Àwọn ọmọ gbé e sókè. Èmi ń fi aṣọ nu awò mi.

Kò wá ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo sì ń wo títì ṣáá. Ìyàwó rẹ̀ ni mo rí tó ń bọ̀ láti òkèèrè pẹ̀lú igbá gàrí lórí. Ó ní ọkọ òun ti ká aṣọ kúrò lórí ẹ̀rọ ìránṣọ láti ọjọ́ Ajé, ó ń fi ọwọ́ òsì gé bébà ìwé ìròyìn bí ẹni ń gé aṣọ, ó ń gé e bàjẹ́, ó sì ń gé òmíràn.

Lẹ́yìn oṣù kan, òun fúnra rẹ̀ dé pẹ̀lú téèpù lọ́rùn. Ó ní, “Ẹ dìde dúró, Àǹtí, kí n wọ̀n yín. N kò lè sọ ọjọ́ tí màá rán an tán o.” Mo ní kò sí ohun tí mo ń kánjú lọ ṣe. Ó wọ̀n mí, kò kọ ọ́ sílẹ̀, orí rẹ̀ ló tọ́jú rẹ̀ sí.

Mo tún ṣe ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ náà kí ojú mi tó rẹ̀. Tí mo bá tú nǹkan tí mo sì rí bátìrì nínú rẹ̀, mo ń kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Ìyẹn nìkan ni mo rò pé mo lè fi kún ohun tí ọ̀gá mi kọ́ mi.

Oṣù mẹ́rin ni mo dúró de bùbá àti ìró náà. Ọ̀sán Sátidé ló gbé e wá. Ọwọ́ òsì ló fi nà án sí mi, kò tọrọ àforíjì. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi gbà á.